Nọ́ńbà Pupa Ara Ọkọ̀ Oníkọ́tìnnì

Ilé Ìránṣọ, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ìsàlẹ̀ Afárá.
Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí àbíkẹ́yìn tó jọ mí lójú tó tún jọ mí ní ìbínú. Mo gbà á ládùúrà pé orí ìdúró ni ìwé yìí máa bá gbogbo yín, kì í ṣe orí ìdùbúlẹ̀. Ikọ́ tó ń bá ọ jà nígbà tó o wá kí wa, mo retí pé ó ti fi ọ́ sílẹ̀. Tí kò bá tíì lọ, omi gbígbóná ni kó o máa mu, kó o yé fi omi tútù ṣe akin. Àwa náà wà níbí, a ò kú, a ò sì sá lọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n fi ìjà fún Ọlọ́run jà, kí n fọwọ́ lẹ́rán. Àmọ̀ràn tó dára ni, ìyá wa náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, rò ó wò. Èmi ní tèmi, ọwọ́ mi méjèèjì pé, mo lè fi lẹ́rán títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi bó. Ọkọ mi ńkọ́? Ọwọ́ wo ni yóò fi lẹ́rán? Ohun tó mú mi jókòó kọ ìwé yìí ni pé mi ò fọwọ́ lẹ́rán, àbúrò mi. Mo ti ṣe nǹkan kan, ọkọ mi náà sì ti ṣe nǹkan kan, ìwọ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ nítorí iṣẹ́ tó ò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ìwakọ̀.

O mọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kó o má baà sọ pé o ò mọ ọ̀nà tí mo gbà dé ibi tí mo dé. Lọ́jọ́ náà, ọkọ mi sọdá afárá lọ sí ìpínlẹ̀ òdìkejì láti ra aṣọ tó máa fi tẹ́ inú kóòtù tó ń rán. Ibi ìlà funfun tí wọ́n ní kí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà ló gbà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún, torí ọkọ mi kì í ṣe nǹkan kan láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan rọra ń bọ̀, ó dà bíi pé ẹni tó ń wà á ti rí i. Kò rí i. Fóònù ló ń gbọ́. Ó gbá ọkọ mi ṣubú, táyà iwájú sì gun ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Wọ́n kọ iṣẹ́ awakọ̀ náà sára ọkọ̀ rẹ̀ gàdàgbà: Oníkọ́tìnnì, a ń rán kọ́tìnnì, a sì ń bá yín fi kọ́. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, pupa fòò, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọkọ mi ní nígbà tí òun wà nílẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni òun ń wò. Ó ní òun kà á títí wọ́n fi gbé òun.

A dé ilé ẹjọ́. Ọkùnrin náà kò purọ́, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó ní, “Mo ń sọ̀rọ̀ ni, mi ò tẹ nǹkan kan.” Adájọ́ ṣí ìwé, ó ní òfin ìpínlẹ̀ àwọn sọ pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, kò sọ pé kò gbọdọ̀ fi fóònù sétí. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ ni pé kò dúró fún ẹlẹ́sẹ̀. Owó ìtanràn kékeré báyìí ni wọ́n ní kó san. Mo wò ó tó ń jáde lọ. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ tí fóònù tún fi wà létí rẹ̀, tó ń sọ fún oníbàárà kan pé kó má bínú, òun ń bọ̀. Àbúrò mi, inú mi hó lọ́jọ́ náà bí omi orí iná, kò sì yé hó.

Ìwọ náà lo wá ṣàlàyé òfin fún mi. O rántí? Orí àga tó ya lábẹ́ fèrèsé lo jókòó sí, tó ò ń wúkọ́, tó ò ń fi ìka kà á. O ní ohun tó kọjú sí ìpínlẹ̀ kan, ẹ̀yìn ló kọ sí òmíràn. O ní lọ́dọ̀ wa níbí, awakọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù rárá, ì báà jẹ́ láti sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ láti wo aago. O ní kódà bí iná pupa bá dá a dúró, níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àkọ́kọ́, ìtanràn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìtanràn àti ìkìlọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọdún kan, wọ́n á gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. O ṣe àlàyé dáadáa, bí o ṣe máa ń ṣe láti kékeré tí a fi ń pè ọ́ ní Lọ́yà. O rò pé ò ń tù mí nínú ni. Ọ̀nà lò ń là fún mi.

Torí ọkùnrin náà kì í ṣe ará òdìkejì. Ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń gbé, ọ́fíìsì yín ló sì ti gba ìwé àṣẹ. Láràárọ̀ ló máa ń gba orí afárá lọ síbi iṣẹ́, lálaalẹ́ ló máa ń gbà á padà. O sì mọ fèrèsé wa. Gbogbo ẹsẹ̀ afárá ni mò ń rí láti ìdí máṣìnnì mi: ìlà funfun, iná ojú pópó, àti àwọn ọlọ́pàá ojú pópó méjì tí wọ́n máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí awakọ̀ ò ti ní tètè rí wọn. Wàhálà kan ṣoṣo ni pé tó bá dé ẹ̀gbẹ́ tiwa, ó máa ń ju fóònù sílẹ̀. Òun náà mọ òfin.

Ṣùgbọ́n mo mọ nǹkan kan tí adájọ́ ò mọ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni mí. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀ kò lè gbọ́ fóònù kó má gbé e. Owó oṣù ń dúró de ìwọ lọ́fíìsì, o ò lè mọ̀ ọ́n. Tí fóònù bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí a ò gbé e, oníbàárà á pe ẹlòmíràn. Èmi àti ọkọ mi ti fi ọṣẹ lójú sáré jáde ní balùwẹ̀ nítorí fóònù. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, ọkọ mi gbé fóònù níbi sàréè, ó ní, “Kóòtù yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.” Mo mọ̀ pé bí mo bá pe ọkùnrin náà, yóò gbé e.

Ọjọ́ Ajé kan ni mo kọ́kọ́ pè é. Mo rí i tó ń wakọ̀ bọ̀ wá gun afárá, mo tẹ nọ́ńbà. Ó wò ó, ó fi sílẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó gbé e. “Ẹ káàárọ̀, oníkọ́tìnnì yín rèé.” Ohùn rẹ̀ dùn, mo kórìíra ìyẹn náà. Mo ní mo fẹ́ rán kọ́tìnnì sí pálọ̀. Mo ṣàlàyé fèrèsé mẹ́rin tí mi ò ní, mo sọ ìbú wọn, mo sọ gígùn wọn, mo ní èyí kan wọ́ díẹ̀ lápá òsì. Ó ń dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù títí ọlọ́pàá fi na ọwọ́ sí i. Mo gbọ́ ọ létí fóònù tó ní, “Yéè, mo gbé.” Mo pa á. Mo padà sídìí máṣìnnì, mo sì rán ṣòkòtò mẹ́ta láàárọ̀ yẹn láìsinmi. Ọkọ mi bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí.

Ọkọ mi, o mọ̀ ọ́n, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé ìwòsàn, ìdí tábìlì tó ti ń gé aṣọ ló ń jókòó sí, sísọ́ọ̀sì ńlá rẹ̀ níwájú rẹ̀ tí kò lè gbé. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i, á ní, “Ó ti ṣẹlẹ̀.” Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan ní kó máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan lọ́wọ́, ìgbà ogún láàárọ̀, ìgbà ogún nírọ̀lẹ́. Ó ní àwọn ìka náà á padà ṣiṣẹ́ bó bá ṣe é, bí kò bá ṣe é, wọ́n á le pa síbẹ̀. Ọkọ mi ò fún bọ́ọ̀lù náà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e sójú fèrèsé, eruku bò ó. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo fi oúnjẹ halẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní, “Fi mí sílẹ̀, aya mi.” Èyí ló ń bà mí lẹ́rù ju ọwọ́ lọ. Mo rí i pé ọkùnrin yẹn ò gba ọwọ́ nìkan, ó ti fẹ́ gba ọkọ mi pẹ̀lú.

Ìpè kejì ni màá jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Ó ti gbọ́n díẹ̀, kò fi fóònù sétí mọ́, ó gbé e lé itan, ó tẹ̀ ẹ́ kó lè máa gbọ́ mi láti ibẹ̀. Ó tẹ orí ba láti tẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ sójú ìlà funfun lásìkò náà gan-an. Mo rí gbogbo rẹ̀ láti òkè. Mo kígbe sínú fóònù pé, “Dúró,” mo sì rò pé igbe yẹn ló mú un gbójú sókè. Ọkọ̀ náà dúró. Àyè tó kù láàárín rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ọmọ náà kò tó ìbú téèpù ìwọnṣọ. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí mo fẹ́ ló ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè padà sídìí máṣìnnì. Ẹni tó pe ọkùnrin náà lọ́jọ́ tó gbá ọkọ mi, mo ti ṣépè fún un láìmọ̀ ọ́n, àìmọye ìgbà. Èmi náà ti wá di ẹni tó ń pe awakọ̀. Mo pa nọ́ńbà náà rẹ́ nínú fóònù mi. Kì í ṣe pé mo dárí jì í o, má fi ìyẹn yọ̀. Ìbínú mi wà bó ṣe wà. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá tún pè é, ọmọ ọlọ́mọ lè bá a lọ. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo rò pé kò mọ nǹkan kan.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wà nídìí máṣìnnì, mò ń rán kọ́là. Ọkọ mi wà níbi tó máa ń wà, ó kọjú sí fèrèsé. Ó ní, “Yá mi ní fóònù rẹ.” Mo rò pé dókítà ló fẹ́ pè, mo gbé e fún un, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbójú sókè, torí mo gbọ́ tó ń mí bí ẹni tó gbé ẹrù gun òkè. Ó tẹ́ fóònù náà sórí tábìlì. Ọwọ́ ọ̀tún ló gbé lé e. Ìka ìlábẹ̀, èyí tó ti wọ́, ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ òsì sì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú kó má baà gbọ̀n. Mo wo ìta. Ọkọ̀ funfun náà wà nídìí iná pupa, òun ló ṣíwájú gbogbo ọkọ̀, ó dúró pátápátá, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni ọkọ mi ń wò tó ń tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó tẹ ọ̀kan ṣì. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo dìde, mo ní kó jẹ́ kí n bá a tẹ̀ ẹ́, torí iná pupa kì í pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, “Jókòó. Ìwọ lo pè é nígbà tó ń rìn. Ẹni tó bá fẹ́ gé aṣọ, ó yẹ kó jẹ́ kí aṣọ kọ́kọ́ dúró.” Àbúrò mi, ó mọ̀. Láti ìpè àkọ́kọ́ ló ti mọ̀. Ó gbọ́ irọ́ fèrèsé mẹ́rin tí mo pa. Ó ní bí iná bá yí padà kí òun tó tẹ̀ ẹ́ tán, òun á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, òun ní àyè. Mo jókòó. Mo gbàgbé pé ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí máṣìnnì, abẹ́rẹ́ rán kọ́là náà mọ́ apá aṣọ. Mo tú u lọ́sàn-án.

Ó tẹ̀ ẹ́ tán. Ó dún. Iná ṣì pupa. Mo rí ọkùnrin náà tó wò ó, tó wo iwájú, tó wo ẹ̀yìn, tó wá gbé e sétí, torí ọkọ̀ kúkú dúró, kí ló kù? Ọlọ́pàá ti ń rìn bọ̀ láti ẹ̀bá ògiri. Ohùn rẹ̀ jáde nínú fóònù, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, oníkọ́tìnnì yín rèé.” Ọkọ mi tẹ ẹnu mọ́ fóònù, ó rọra ní, “Èmi ni télọ̀ tó ń sọdá lọ́jọ́sí.” Ó jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ ọ́ létí, ó sì pa á. Ọlọ́pàá kan gíláàsì ọkọ̀ náà. Ìgbà tí iná fi máa di àwọ̀ ewé, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti pé, kò sí ibi tí ọkùnrin náà ń lọ mọ́.

Mi ò mọ ohun tí ìwọ máa pè é. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo wá lọ gbé ọwọ́ náà, mo fi sáàárín ọwọ́ mi méjèèjì. Ó gbóná. Láti oṣù méje, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe nìyẹn. Ọlọ́run tó o ní kí n fi ìjà fún, mo rò pé ó rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ọkọ mi gbọn eruku kúrò lára bọ́ọ̀lù rọ́bà, ó fún un ní ìgbà ogún. Ó ń kà á sókè. Lánàá, ó ki àtàǹpàkò bọ ihò sísọ́ọ̀sì, ó gé aṣọ inú àpò kan. Ó gé e wọ́ bí ọ̀nà ejò. Mo sọ fún un pé mi ò rí igékúgèé bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ọ́ wá nìyí. Ọkùnrin náà yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ wá sí ọ́fíìsì yín kí wọ́n lè dá ìwé àṣẹ rẹ̀ padà. Ó lè jẹ́ ojú wíńdò tìrẹ ni yóò wá dúró sí. Yóò sọ pé iṣẹ́ òun ń bàjẹ́, òótọ́ sì ni. Ó lè sọ pé ẹnì kan ló ń pe òun, òótọ́ ni ìyẹn náà. Mi ò ní kó o ṣe é níbi. Mi ò sì ní kó o ṣe é lóore. Ìwé òfin ni kó o ṣí, kó o kà á fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí adájọ́ ṣe kà á fún àwa. Bí ó bá sunkún, dúró kó sun ún tán, kó o tún un kà. Bí o bá rò pé mo jẹ̀bi ní tèmi, tìtorí kẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn, wá bá mi wí lójú. Mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn. Lórí èyí tó kù, jókòó sórí àga tó ya, màá bá ọ jiyàn di ọ̀la.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ìwọ àti ìdílé rẹ ní àjáde àti ní àbọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ kọjú sí ọkọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbòmíràn. Ọwọ́ tó o fi ń jẹun kò ní di aláìlágbára. Àwọn ọmọ á dàgbà lójú rẹ, wọ́n á sì sin ọ́ pẹ̀lú ewú lórí. Bí o bá ń wakọ̀ bọ̀ wá kí wa, pa fóònù rẹ. Bí o bá gbàgbé tó o gbé e, fèrèsé mi kọjú sí ẹsẹ̀ afárá, o ti mọ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́ lọ sílé ìwé.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí pọ̀ kí ọkọ mi tó pè mí sójú fèrèsé. Oníkọ́tìnnì náà ń bọ̀ lórí afárá, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ó gbé ọ̀pá kọ́tìnnì gígùn mẹ́ta lé èjìká. Ó dúró níbi ìlà funfun. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún. Fóònù rẹ̀ dún, mo rí i tó yọ ọ́ lápò tó wò ó, ó sì gbójú sókè sí fèrèsé wa, níbi tí a kọ Ilé Ìránṣọ sí. Ó dá a padà sápò, ó sọdá. Mo búra fún ọ, àbúrò mi, kì í ṣe àwa la pè é.